Ọwọ́ Rábíù Kò Dọ̀tí

Ariwo ẹ̀rọ ìgéko ni ó jí mi ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà ìrúwé tó kọjá yìí, ní ilé mi ní Duncanville, ní Texas. Kì í ṣe ẹ̀rọ aládùúgbò mi, nítorí mo mọ ohùn ẹ̀rọ tirẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń mọ ikọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Eléyìí ń ké tín-ín-rín bí ìrẹ̀ tí wọ́n sé mọ́ inú agolo, ẹ̀yìnkùlé mi gan-an ni ó sì ti ń ké. Kí n tó na ọwọ́ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ mi, kí n tó wọ́ orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ariwo náà ti dákẹ́. Òórùn ewé tútù ni ó kọ́kọ́ kí mi.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ wa ni mo bá níbẹ̀, òógùn ti bò wọ́n. Kúnlé ni olórí wọn, ọmọ dáadáa kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó sì ti wa mọ́tò láti Cedar Hill kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ padà lọ jókòó. A kàn ní ká yà yín lẹ́nu ni.”

“Igbó tí ẹ fi sílẹ̀ yìí, sà,” ni ẹnìkejì rẹ̀ wí, ó ń fi ẹsẹ̀ tú ewé bí ẹni tí ń wá nǹkan tó sọnù, “ejò á ti bímọ síbẹ̀, wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kúnlé tọ́ka sí igun ọgbà tí ó kọjú sí odò kékeré. “Ibẹ̀ yẹn ló le jù. Sátidé tó ń bọ̀, mo máa gbé oògùn tó ń pa gbòǹgbò wá. Tí mo bá ti da ìyẹn sí i, sà, kò lè hù mọ́ láé.”

Kí ni ènìyàn yóò sọ? Láàárín àwa Yorùbá, bí ọmọ bá wá ro ẹ̀yìnkùlé fún àgbà, àdúrà ni àgbà fi ń san án. Kò sí àgbà tí í béèrè ẹni tó rán an. Ìyàwó Kúnlé tún ti di ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú kúlà fún mi. Mo ṣàdúrà fún wọn. Ẹnu mi ń ṣàdúrà, ojú mi ń wo orí sìmẹ́ǹtì, níbi tí àwọn ẹ̀ka tí wọ́n gé sùn sí pẹ̀lú òdòdó lára.

Ohun tí wọ́n gé kì í ṣe igbó. Èlú pápá ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe pè é bí a bá tú orúkọ tí àwọn ará ibí ń pè é sí èdè wa. Ìdílé ẹ̀wà ni ó ti wá, ilẹ̀ dúdú Texas yìí ni ó sì ti hù kí ẹnikẹ́ni tó gbèrò ilé, kí wọ́n tó la fríwèé, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá yẹn, kọjá. Òdòdó rẹ̀ a máa to ara wọn sí ọ̀pá kan ṣoṣo lọ sókè, wọn a ní àwọ̀ aró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n omi sí. Bí èso rẹ̀ bá gbẹ, á dúdú, kóró inú rẹ̀ á sì máa mì wọrọwọrọ bí ṣaworo ẹsẹ̀ ọmọ tí ń kọ́ ìrìn. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀. “Èlú tí kò lè pa ìró ẹyọ kan láró,” ni yóò wí, “kí ló fi yàtọ̀ sí igbó?” Síbẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gé e. Òun náà ti lọ, àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn, ọmọbìnrin mi ní Wylie a sì máa pè ní alaalẹ́ láti béèrè bóyá mo ti lo oògùn. Òdòdó náà nìkan ni ó ń wá bẹ̀ mí wò lọ́dọọdún láìsí pé mo kọ́kọ́ pè é.

Àwọn ọ̀dọ́ náà lọ. Mo jókòó sórí àga lẹ́yìn ilé títí oòrùn fi dé àtàrí. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí mo ti mọ̀ pé n ó rí. Àwọn ewé tí wọ́n gé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ewé yòókù a máa rọ, á pọ́n. Ewé èlú a máa ṣú bí ojú sánmà tí òjò fẹ́ rọ̀, ó ń dúdú láti etí wọ inú. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ rí tí ara rẹ̀ ń ṣú bẹ́ẹ̀ láti etí wọ inú. Rábíù ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ẹdẹ, ní ìgbà tí bàtà jẹ́ ohun ọjọ́ ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ wa wà ní ìparí ìlú, lórí òkè tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oko èlú kan wà, tí kò tóbi, tí ewé rẹ̀ sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ tó bá wọ ibẹ̀, igbe rẹ̀ nìkan ni a ó máa gbọ́. Lẹ́yìn oko náà ni agbo ilé Ìyá Aláró, ìyá àgbà tó tọ́ Rábíù dàgbà. Àwọn ìkòkò aró rẹ̀ wà lábẹ́ igi ọdán, wọ́n rì wọ́n dé ọrùn bí àgbàlagbà tó jókòó sínú ilẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu ṣíṣí wo ọ̀run.

Ìjókòó kan náà ni èmi àti Rábíù jọ ń lò ní kíláàsì. Bí a bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà oko èlú ni a ń gbà. A kì í wọ agbo ilé yẹn láìkí aláró ní kíkí tirẹ̀. “Àrẹ̀dú o!” ni a ó ké láti ẹ̀yìn ọgbà, èyí tí í ṣe àdúrà pé kí ohun tó ń rẹ dú dáadáa. Ìyá náà kò ní gbé orí sókè. “Á dú o, ọmọ mi,” ni yóò fi dáhùn, yóò sì nawọ́ sí odó.

Iṣẹ́ wa kò le, ó kàn ń rùn ni. A ó gún ewé èlú tútù títí yóò fi kúnná, a ó mọ ọ́n bí òkèlè ńlá, a ó sì sá a sórí àwo pẹlẹbẹ. Lójoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ wọn sí oòrùn. Bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n á wọ inú omi eérú, ìkòkò náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Òórùn rẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́. Ìyá mi ní ilé a máa gbóòórùn mi kí ó tó rí mi. Ìyá Aláró kì í fi ojú nìkan díwọ̀n aró, ahọ́n ni. Yóò ti ìka bọ inú ìkòkò, yóò tọ́ ọ wò, yóò di ojú bí ẹni tí ń rántí orúkọ ẹnìkan, lẹ́yìn náà yóò ní, “Kò tíì gbọ́n.” Aró tó bá ti gbọ́n nìkan ni í rí aṣọ. Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni jà nídìí ìkòkò. Bí èmi àti Rábíù bá ní aáwọ̀, a ní láti gbé e lọ sí ìdí igi àgbálùmọ̀ ní ìta, kí a tó dé ibẹ̀, ìdí tí a fi ń jà á ti sọnù.

Aró kò mú èmi tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìyá mi a máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn bó mi lọ́wọ́ bí ẹni ń bó ẹja. Ṣùgbọ́n Rábíù ń sùn sí ìdí rẹ̀, ó ń jí sí ìdí rẹ̀. Èékánná rẹ̀ dúdú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ojú ọ̀run kí iná ìrọ̀lẹ́ tó kú, dúdú náà sì ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Ó máa ń sọ pé, “Tí mo bá kú, máláíkà ò ní bi mí ní iṣẹ́ tí mo ṣe láyé. Wọ́n á kàn ní, ‘Aláró, kọjá.’”

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe máláíkà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ará ìlú wa tó bá ka ìwé yìí yóò mọ̀ ọ́n, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi ń kọ ọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, a ó tò, a ó na ọwọ́ síwájú, yóò sì máa wo èékánná wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Rábíù, yóò dúró. “Ọwọ́ àwọn kèfèrí rèé,” ni yóò wí, kí gbogbo wa lè gbọ́. “Ẹlẹ́gbin.” Yóò na ọwọ́ náà lẹ́gba, ọ̀tún, òsì. Rábíù kì í ké. Ó máa ń wo ìka rẹ̀ lẹ́yìn náà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹran ọ̀sìn rẹ̀ tí aládùúgbò sọ lókùúta. Aṣọ tí ọ̀gá wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, tí ó fi ń yan fanda, inú ìkòkò ìyá náà ni ó ti jáde. Gbogbo ìlú mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ọ̀gá dìde níwájú wa, ó ní igbó tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ewu. Ó ní ejò ń bẹ níbẹ̀. Ó ní ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ti ń borí ooru. Ó ní kí oníkálukú mú ọkọ́ wá ní ọjọ́ Jímọ̀, kì í ṣe àdá, ọkọ́ ni. Ó fẹ́ kí a hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ọmọdé ni wá, ohun tí ọ̀gá bá wí ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó tò wá sí ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ oko dé ìparí. Ó sì fi Rábíù sí àárín ìlà náà gan-an, pẹ̀lú ọkọ́ ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Aláró jáde wá. Kò pariwo, kò ká ọwọ́ lérí. Ó dúró ní etí oko, ó di ìró rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wò. Nígbà tó rí i pé ọkọ́ ni a mú lọ́wọ́, ó sọ gbólóhùn kan tí n kò gbàgbé. Ó ní, “Èmi náà ń gé èlú. Ẹni tó gé èlú, ó kórè ni. Ẹni tó hú gbòǹgbò rẹ̀ ló ní kí n má jẹun mọ́.” Ọ̀gá ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ń gbọ́ bí Rábíù ṣe ń mí. Kò gbé orí sókè rárá, ọkọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti gbogbo wa, gbòǹgbò tó sì ń hú yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló bá ìyá àgbà rẹ̀ gbin àwọn kan nínú wọn.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ náà kí òjò tó dá? Ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ ọ̀gá. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni a kọ ebè rẹ̀, àwa ni a ro ó, àwa ni a sì rù ú lọ sí ilé rẹ̀. A kò rí ejò kankan. Lónìí, wọ́n ti fi orúkọ ọkùnrin náà sára gbọ̀ngàn kan nínú ilé ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n ń pè é ní Bàbá Ìmọ́tótó, àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan sì ń kọrin kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mo ti bá àwọn tó ń ṣàkóso sọ̀rọ̀ nígbà tí mo lọ sílé. Wọ́n fún mi ní mínírà tútù, wọ́n ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.” Ó dára. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ. Olè àtijọ́, olè ni. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ó yẹ kí a máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Ọkùnrin yẹn kò fi ro ara rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tó bi í.

Ìyá Aláró dojú àwọn ìkòkò rẹ̀ délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti í ṣe nígbà tí aláró bá kú. Òun kò sì tíì kú. Kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, àbúrò ìyá Rábíù tó ń ṣòwò ní Abíjáànì wá mú ọmọ náà lọ. Mo sá tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù náà dé afárá. Orí àpò ni ó jókòó sí, ó sì gbé ọwọ́ sókè láti juwọ́ sí mi. Èyí ni ohun ìkẹyìn tí mo rí lára rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì aláwọ̀ aró, tí wọ́n ń kéré lọ nínú eruku. Nígbà tí mo dàgbà mo wá a. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Rábíù pọ̀ ní Abíjáànì, ni wọ́n ń wí.

Ìdí nìyí tí n kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igun ọgbà mi. Ní ìrúwé àkọ́kọ́ wa nínú ilé yìí, mo já ewé kan, mo fi ìka rún un láìronú, ìka mi sì ṣú. Mo dúró síbẹ̀ títí ìyàwó mi fi wá wò mí.

Nítorí náà yóò yé yín nígbà tí mo bá sọ pé oorun dá lójú mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo gbé fóònù láti pe Kúnlé, mo tún gbé e kalẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ fún ọmọ rere pé oore rẹ̀ dá egbò sí òun lára? Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí ni iṣẹ́ ọwọ́. Mo kó àwọn ewé tó wà lórí sìmẹ́ǹtì wọ gáréèjì, mo gbé odó tí ìyàwó mi fi ń gúnyán, mo jókòó tì í pẹ̀lú orúnkún mi tó dùn mí, mo sì gún èlú ní ìpínlẹ̀ Texas. Mo mọ ọ́n bí òkèlè, mo sá a sórí páànù. N kò tọ́ ọ wò, nítorí apòògùn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé májèlé wà nínú ti ibí. Àwọ̀ tó fún mi kì í ṣe aró gidi. Eérú tó ń gbìyànjú láti di aró ni. Ṣùgbọ́n ó wọ inú èékánná mi, ó sì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, arábìnrin kan tó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì fà sẹ́yìn díẹ̀. “Há, Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ọwọ́ yín ti dọ̀tí.” Tìfẹ́tìfẹ́ ni ó yọ ìgò oògùn ìnuwọ́ kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó sì ń nà án sí mi. Mo ní kí ó máa ṣeun. N kò gbà á. Ọkàn mi ti padà sí orí ilẹ̀ pupa, sínú ìlà àárọ̀ Mọ́ńdè.

Nígbà tí ó kan àkókò ẹ̀rí, mo dìde. Inú ìjọ dùn. Wọ́n rò pé orúnkún ni. Àwọn kan ti ń pariwo “Halelúyà” kí n tó dé iwájú. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n lè rí èékánná mi, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Rábíù fún wọn, láti orí kíkí aláró títí dé orí àpò nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Mo sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Mo sọ ohun tí Ìyá Aláró wí. N kò mẹ́nu kan ẹ̀yìnkùlé mi rárá. Mo parí. Àwọn ọmọdé ń wo fóònù. Pásítọ̀ wa, ẹni jẹ́jẹ́, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún Jésù,” wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mo padà sí àyè mi. N kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Sátidé pé. Mo gbọ́ mọ́tò Kúnlé níwájú ilé, mo sì ti gbé àga mi sí orí igun náà kí ó tó dé, orúnkún nínà jáde, bí arúgbó tí ń ṣọ́ ata. Òun nìkan ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí oògùn. Ó dúró ní etí ibi tí ó ti gé, ó ń wo ilẹ̀.

“Bàbá,” ni ó wí, “kí ni wọ́n ń kí aláró yẹn?”

Mo sọ ọ́ fún un. Ó gbìyànjú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí òkúta inú odò. “Àrẹ̀dú o, sà.”

“Á dú o, ọmọ mi.”

Ó béèrè bóyá yóò tún hù. Mo sọ fún un pé ẹni tó gé èlú, ó kórè ni. Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo aago, iṣẹ́ ń dúró dè é ní ọsibítù, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Mo kù níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá nǹkan kan yóò yọ ní ọdún yìí. Èyí tí wọ́n gé lásìkò òdòdó lè sùn títí di ìrúwé mìíràn, orúnkún mi sì lè má bá a dé ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wa ti ní fèrèsé onígíláàsì. Igi ọdán ti wó. Kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ ní ìlú wa tó lè fi ahọ́n sọ bóyá aró ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti ibí yìí jìn ju ibi tí ọkọ́ ń dé lọ, kò sì sí ẹni tí yóò da nǹkan kan sí i níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè.

Rábíù, níbikíbi tí o bá wà, yálà lókè ilẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Mo ké e jáde bí a ti í ké e láti ẹ̀yìn ọgbà: “Àrẹ̀dú o!” Ariwo mọ́tò orí fríwèé nìkan ni mo gbọ́. Mo wá yí òkèlè èlú náà, mo kọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì sí oòrùn, mo sì wọlé lọ jẹun láìfọ ọwọ́.